Ṣé ẹ́ńjìnnì lítà 1.5 á wọ Starlet mi?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa mọ́tò. Toyota Starlet ni mo ń wà l'Ábẹ́òkúta. Ẹ́ńjìnnì 4E-FE, lítà 1.3, ló wà nínú ẹ̀, ó sì ti ń mu ọ́ìlì. Ẹ mọ òkè ìlú wa. Tí mo bá gbé èrò mẹ́rin, ẹlẹ́sẹ̀ á kọjá wa lórí òkè!

Mo fẹ́ fi ẹ́ńjìnnì 5E-FE tòkúnbọ̀ ti Toyota Paseo, lítà 1.5, rọ́pò ẹ̀. Mẹkáníìkì mi ní ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, pé á jókòó dáadáa. Mo gbà á gbọ́. Waya àti brain box (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì) ló ń bà mí lẹ́rù: ṣé ti 1.3 á lè darí ẹ̀, àbí kí n ra ti Paseo mọ́ ọn? Gíá mi ńkọ́? Ṣé bíréèkì á gbà á? Ẹni tó bá ti ṣe é rí, báwo lẹ ṣe yí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì nínú ìwé ọkọ̀?