Ẹni tó ń tẹ́tí sí ilẹ̀: orúkọ wo ni ká pè é?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ká máa pe àwọn tó ń ṣọ́ mímì ilẹ̀ ní Alaska, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ní "asọtẹ́lẹ̀ ìmìtìtì ilẹ̀". Ẹ má bínú, n kò fara mọ́ ọn. Wọn kì í sọ tẹ́lẹ̀. Èyí tó mi Alaska lọ́jọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 1964, tí ìwọ̀n agbára rẹ̀ jẹ́ 9.2, ó tó ìṣẹ́jú mẹ́rin ààbọ̀ kó tó dáwọ́ dúró. Kò sẹ́ni tó dá ọjọ́ fún un. Títí dòní, kò sẹ́ni tó lè dá ọjọ́ fún èyí tó kàn.

Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n ri ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ lórí òkè àti létí yìnyín, kí wọ́n sì máa gbọ́ ohun tí ilẹ̀ bá sọ. Bí béárì bá jẹ wáyà já, hẹlikópítà ni wọn yóò gbé lọ tún un ṣe. Bí ilẹ̀ bá mì, ìgbì méjì ló ń ti ibẹ̀ wá: èyí tó yára ló ń kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ, èyí tó lọ́ra á tẹ̀ lé e. Àlàfo àárín méjèèjì ni wọ́n fi ń mọ bí ibi tó ti mì ṣe jìn tó, bí àwa náà ṣe ń rí mànàmáná ká tó gbọ́ àrá.

Ní ti "ìmìtìtì", ó dáa, àmọ́ ìsẹ̀lẹ̀ ti wà nínú Bíbélì wa tipẹ́. Àbúrò kan ní yóò dà pọ̀ mọ́ ìṣẹ̀lẹ̀. Kò burú, ti ìṣẹ̀lẹ̀ nìkan ni kí ẹ kọ àmì sábẹ́ s rẹ̀! Ẹnìkan ti fi "isele nla ni Anchorage" ránṣẹ́ sí mi rí; ìgbéyàwó ni mo rò pé wọ́n ṣe.

Ṣùgbọ́n ìsẹ̀lẹ̀ nìkan kò kájú iṣẹ́ náà. Lóṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ẹ̀rọ káàkiri ayé gbọ́ ìró kan fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó ń lù ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ síra. Òkè ló ya sínú Dickson Fjord, apá òkun tóóró kan láàárín òkè ní Greenland, omi fò tó 200 mítà, ó wá ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún bí omi inú agbada téèyàn gbé rìn.

Nítorí náà, "atẹ́tílélẹ̀" ni tèmi. Àwa náà kúkú ń sọ pé "tẹ́tí sílẹ̀". Ẹ jẹ́ kí "onímọ̀ ìsẹ̀lẹ̀" wà fún olùkọ́ ní yunifásítì. Ó ku ẹ̀rọ náà: "ẹ̀rọ tí ń ṣàkọsílẹ̀ mímì ilẹ̀" ti gùn jù. Ta ló ní èyí tó kúrú?