Ipá iná ni fóltéèjì, kì í ṣe agbára. Àyè ló sì yẹ ká pe ibi tí kò ti léwu

Bàbá wa, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ dábàá pé, nínú ìwé ìlò rédíò ham (rédíò tí àwọn ènìyàn fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ sáfẹ́fẹ́ nítorí ìfẹ́ rẹ̀, kì í ṣe fún òwò) tí a ń túmọ̀, kí a pe fóltéèjì ní “agbára iná”, kí a sì pe èyí tí kò ní ba ẹ̀rọ jẹ́ ní “ìwọ̀n agbára iná tó yẹ”. Ẹ má bínú, sà, n kò lè fara mọ́ méjèèjì.

Ohun tí a ń fi wáàtì wọ̀n ló ni agbára. Ìṣàn ni ti áńpíà, ipá sì ni ti fóltì, nítorí òun ló ń ti iná gba inú wáyà kọjá. Bí a bá dà wọ́n pọ̀, àṣìsọ ìgboro ni a ó sọ di òfin: nílùú Ìbàdàn níhìn-ín, bí gílóòbù bá ń tàn bàìbàì, “ló kọ́rẹ́ǹtì” ni a ń pè é, bẹ́ẹ̀ ipá ló kọ́kọ́ lọ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì ló jẹ mí lógún jù. Fóltì 13.8 ni wọ́n ń kọ sára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí, wọ́n sì máa ń gbà kí ó fi ìdá 15 nínú 100 lé tàbí kí ó fi dín, èyí tó jẹ́ nǹkan bí 11.7 sí 15.9. Ojú kan ni ìwọ̀n. Ohun tó ní òkè tó sì ní ìsàlẹ̀, àyè ni. Ti òkè kò ṣòroó mọ̀: ẹni tó bá so ó mọ́ iná ọkọ̀ akẹ́rù olófóltì 24 yóò gbóòórùn èéfín. Ti ìsàlẹ̀ ló ń tan ènìyàn jẹ. Bátìrì ọkọ̀ tó kún, tó sì ń sinmi, máa ń wà ní nǹkan bí fóltì 12.6, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ oníwáàtì 100 lè fa áńpíà 20 nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀ sáfẹ́fẹ́, tí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irú èyí tí a ń rà lọ́jà Gate n’Íbàdàn fún iná ọkọ̀, bí ìdènà rẹ̀ bá jẹ́ óòmù 0.05, yóò sì jẹ odidi fóltì kan mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ku 11.6. Ohùn lè máa wọ́, ẹ̀rọ sì lè kú lójijì, olówó rẹ̀ yóò sì máa búra pé bátìrì òun kún.

Àbúrò wa kan ní ẹni tí kò bá fi àmì sí “àyè” yóò kọ “aye” sílẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ni yóò ka “àyè ipá iná: fóltì 11.7 sí 15.9” tí yóò rò pé ayé ni? Ní ti “ìtì iná” tí ó fi dípò ipá, ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn.