Ẹ̀rí wo ló wà fún ìtàn ìṣirò Yorùbá?

Olùkọ́ Ìbarà béèrè:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Iṣẹ́ ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama kan níhìn-ín ní Abẹ́òkúta, wọ́n sì ní kí n wá bá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ràn ìṣirò sọ̀rọ̀ lórí ìṣirò àwọn ènìyàn tí kì í ṣe òyìnbó. Ti ilẹ̀ òkèèrè kò ni mí lára. Mo mọ̀ pé Íjíbítì ní ìwé ìṣirò Ahmes, tí wọ́n kọ ní nǹkan bí ọdún 1550 ṣáájú ìbí Jésù, àti pé Brahmagupta ará Íńdíà kọ òfin ìlò òdo sílẹ̀ ní ọdún 628. Ìgbà tí mo dé orí ti ilé ni ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Ẹlẹgbẹ́ mi kan ní kíkà lásán ni àwọn baba wa mọ̀, pé ẹni tí kò kọ nǹkan sílẹ̀ kò lè ní ìtàn ìṣirò. Mo mọ̀ pé Claudia Zaslavsky, olùkọ́ ará Amẹ́ríkà, sọ̀rọ̀ Yorùbá dáadáa nínú ìwé tó gbé jáde ní 1973 lórí ìṣirò ilẹ̀ Áfíríkà. Kí ni onímọ̀ ìtàn ìṣirò lè tọ́ka sí tí ẹlẹgbẹ́ mi kò fi ní lè já a ní koro?

Àgbà Òkè-Ìlewó fèsì:

Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìdí owó ẹyọ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Adolphus Mann, míṣọ́nnárì ìjọ CMS tó gbé ní Ìjàyè, gbé àpilẹ̀kọ kan jáde ní 1887 lórí oǹkà Yorùbá, ó sì ṣàpèjúwe bí wọ́n ṣe ń ka owó. Wọn á da àpò owó sílẹ̀, ẹni tí ń kà á á jókòó tàbí kó kúnlẹ̀ tì í, á máa fà á ní márùn-ún márùn-ún títí yóò fi pé ìgbà ogún. Márùn-ún lọ́nà ogún á di ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún méjì á di igba, wọn á sì gbá a jọ sọ́tọ̀. Bí wọ́n bá sín owó sí okùn, ogójì ló ń wà lórí okùn kan. Àádọ́ta okùn ni ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì ni ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000.

Ẹ wá ní kí àwọn ọmọ náà pe 525 ní Yorùbá: ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Igba mẹ́ta ni wọ́n mú, wọ́n yọ ọgọ́rùn-ún kúrò, wọ́n wá fi ọgbọ̀n tó dín márùn-ún kún un. Ìsọdipúpọ̀, ìyọkúrò àti àròpọ̀ ló wà lẹ́nu ìyá oníṣòwò tí kò di pẹ́ńsù mú rí. Kí ẹlẹgbẹ́ yín wá sọ ohun tó ń jẹ́ ìṣirò fún wa.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn fèsì:

Bàbá, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ẹ gbà mí láàyè kí n fi díẹ̀ kún un. Orúkọ oǹkà jẹ́rìí pé àwọn kan ti jókòó ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa nígbà kan. Kò jẹ́rìí pé gbogbo ẹni tó ń pè é ló ń ṣírò. Ọmọ tó ń pe àádọ́ta lónìí kò ronú kan ọgọ́ta tó dín mẹ́wàá rárá. Nítorí náà, ó yẹ kí a tún wo ibi tí ọwọ́ ti ń ṣiṣẹ́.

Helen Verran, ará Ọsirélíà tó kọ́ àwọn olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fún ọdún mélòó kan, rí olùkọ́ kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ bí a ṣe ń wọn gíga ènìyàn. Okùn ni wọ́n fi wọn ara wọn láti orí dé ẹsẹ̀. Dípò kí wọ́n tẹ́ okùn náà sórí rúlà gígùn, páálí tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá ni wọ́n wé e mọ́, wọ́n ka iye ẹ̀wá tó wà níbẹ̀, wọ́n wá wo èyí tó ṣẹ́ kù. Ẹ̀rín pa Verran nígbà tó rí i, àmọ́ iṣẹ́ náà yọrí. Nínú ìwé tó gbé jáde ní 2001, ó tú àlàyé tí òun fúnra rẹ̀ ti kọ tẹ́lẹ̀ nípa oǹkà Yorùbá palẹ̀. Irú onímọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù.

Olùkọ́, ẹ ṣọ́ra fún àbùmọ́ o. Àwọn kan á ní egungun Ishango, tí wọ́n wú nílẹ̀ Kóńgò ní 1950, fi hàn pé ẹni tó gé ìlà sí i lára mọ ìṣirò ìjìnlẹ̀. Ìlà lásán ni ìlà, ọ̀nà tí a lè gbà kà á pọ̀. Tí ẹ bá kan Ifá, ẹ má pè é ní kọ̀ǹpútà. Ẹ ṣáà sọ pé ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní ojú mẹ́jọ, pé ojú kọ̀ọ̀kan lè ṣí tàbí kó dé, pé 256 ni gbogbo ọ̀nà tó lè gbà balẹ̀, àti pé gbogbo wọn ló ní orúkọ àti ipò, láìfo ọ̀kan, láìpe ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ti àìkọ nǹkan sílẹ̀, Muhammad al-Kishnawi ará Kàtsínà kọ ìwé ní èdè Lárúbáwá ní Káírò ní 1732, lórí bí a ṣe ń to nọ́ńbà sínú àpótí kí gbogbo ìlà lè jẹ́ iye kan náà. Ẹ to 4, 9, 2 sókè, 3, 5, 7 sáàárín, 8, 1, 6 sísàlẹ̀: ibi yòówù tí ẹ bá gbà rò ó, 15 ni. Kì í ṣe Yorùbá lóòótọ́, ṣùgbọ́n Kàtsínà kò jìnnà sí wa tó Íjíbítì àti Íńdíà tí ẹ dárúkọ.

Ọmọ Aláró Ìtòkú fèsì:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo kúnlẹ̀. Kí ìyá mi tó ti ìyẹ́ adìyẹ bọ ẹ̀kọ láfún láti ya àdìrẹ, á kọ́kọ́ ṣẹ́ aṣọ náà po sí méjì, á tún un ṣẹ́, á fi èékánná tẹ ojú ìṣẹ́po mọ́lẹ̀. Bó bá tú u, ilé onígun mẹ́rin ti wà lára aṣọ, wọ́n sì dọ́gba láìsí rúlà. Ti àdìrẹ oníko, tí wọ́n ń fi ìko dì, tún yàtọ̀: ibi kan ṣoṣo ló máa di níbi tí aṣọ ti ṣẹ́ po sí mẹ́rin, àmọ́ tó bá jáde nínú aró, iṣẹ́ mẹ́rin ló máa ń hàn, tí wọ́n kọjú sí ara wọn.

Olùkọ́ Ìbarà fèsì:

Ẹ ṣeun gan-an. Owó ẹyọ ni mo máa fi ṣáájú, màá fi àpótí al-Kishnawi dán wọn wò, màá sì kó páálí àti okùn lọ. Ọmọ Aláró, ẹ bá mi bẹ ìyá yín: ṣé wọ́n á gbà kí àwọn ọmọ wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́ aṣọ po lọ́jọ́ Sátidé kan?

Ọmọ Aláró Ìtòkú fèsì:

Wọ́n ti gbà, sà. Wọ́n ní kí ẹ wá láàárọ̀, kí oòrùn tó mú, kí àwọn ọmọ má sì wọ aṣọ funfun.