Lọ́yà oníbàárà mi kọ̀wé sí mi, ẹ gbà mí!

Àkànní (Leeds): Ẹ̀yin ará ilé, ẹni tó bá mọ̀ nípa òfin kóòdù, ẹ jọ̀ọ́, kó dá mi lóhùn. Mo kọ áàpù fún iléeṣẹ́ kan tó ń rán olùtọ́jú lọ sílé àwọn arúgbó. Owó ìparí, £6,000, kò jáde. Lẹ́tà lọ́yà ni mo rí láàárọ̀ yìí dípò owó. Wọ́n ní gbogbo kóòdù náà, tàwọn ni, kí n kó o sílẹ̀ láàárín ọjọ́ méje, pé mo sì tún pẹ́ kí n tó parí iṣẹ́. A ò kọ ìwé àdéhùn, inú ìjọ kan náà la wà. Apá tó ń ṣírò owó oṣù wá ń kó mi láyà sókè: ọmọkùnrin kan ní Ìbàdàn ló bá mi kọ ọ́. Mo sanwó ẹ̀ pé, a ò fọwọ́ sí nǹkan kan. Ta ló ni kóòdù yìí gan-an?

Bàbá Kọ́lá (Glasgow): Pa server náà, kọ̀ǹpútà tí áàpù wọn ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀, kíá! Táwọn òṣìṣẹ́ wọn ò bá rí ibi tí wọ́n ń lọ láàárọ̀ Mọ́ńdè, wọ́n á sanwó kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìyá Ìbejì (Peckham): Àkànní, má dán an wò o! Bàbá Kọ́lá, ẹ má bínú, ìmọ̀ràn yẹn lè kó ọmọ ọlọ́mọ sí wàhálà. Computer Misuse Act 1990, òfin tó lòdì sí fífọwọ́ kan kọ̀ǹpútà láìláṣẹ, ń bẹ nílẹ̀. Tí ìyá àgbà kan bá sùn láìlo oògùn torí pé áàpù ò ṣí ńkọ́? Èmi ti pa ti oníbàárà kan rí, aṣọ lásán ló ń tà. Owó tó jẹ mí ò tó ìdajì ohun tí mo kó fún lọ́yà lẹ́yìn náà.

Bàbá Kọ́lá: Orúkọ ta ló wà lórí server? Ayálégbé tí ò sanwó, ṣé ẹ̀ ń fi iná sílẹ̀ fún un ni?

Ìyá Ìbejì: Nílùú yìí, tẹ́ ẹ bá já iná ayálégbé, ẹjọ́ ni! Orúkọ, àdírẹ́sì àti àìsàn àwọn èèyàn ló wà nínú server yẹn. Lábẹ́ UK GDPR, òfin tó ń dáàbò bo dátà àwọn èèyàn, kì í ṣe kí dátà jò nìkan ni wọ́n ń pè ní breach. Tí wọn ò bá rí i lò, breach náà ni. Tó bá lè pa èèyàn lára, wákàtí 72 ni iléeṣẹ́ náà ní láti fi tó ICO, àjọ tó ń ṣọ́ dátà àwọn èèyàn, létí, ẹ sì mọ orúkọ ẹni tí wọ́n máa kọ síbẹ̀.

Bàbá Kọ́lá: Ẹ̀rù yìí náà ni wọ́n fi ń jẹ wá lówó. Mo ṣe é, wọ́n sanwó fún mi.

Àṣàkẹ́ (Manchester): Ẹ jẹ́ ká dá a lóhùn ná. Ẹ̀gbọ́n Àkànní, ẹ ò sí lórí payroll wọn, àbí? Òfin copyright ti 1988, ìyẹn òfin ẹ̀tọ́ ẹni tó ni iṣẹ́ ọpọlọ, sọ pé ohun tí òṣìṣẹ́ bá kọ lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀gá ló ni ín. Ẹni tó ń gba iṣẹ́ ṣe, òun ló ni kóòdù rẹ̀, àfi tó bá fọwọ́ sí ìwé pé òun ti gbé e fún wọn. Voice note ò tó. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì yọ̀, ilé ẹjọ́ lè ní wọ́n láṣẹ láti máa lò ó, torí ìyẹn ni wọ́n ṣe gbéṣẹ́ fún yín. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe rí pẹ̀lú ọmọ Ìbàdàn yẹn. Owó tẹ́ ẹ san kò sọ kóòdù ẹ̀ di tiyín. Ẹ fi ìwé ránṣẹ́ sí i lónìí kó fọwọ́ sí i.

Àkànní: Ó ti japa lọ sí Kánádà. Kò gbé ipè mi.

Ọmọ Ìjẹ̀bú (Houston): Yéè! Ohun tó jẹ mí lówó nìyẹn. Iléeṣẹ́ kan fẹ́ ra áàpù mi, lọ́yà wọn ní kí n mú ìwé gbogbo ẹni tó fọwọ́ kan kóòdù wá. Ó ku ẹnì kan, ó sì mọ̀ pé òun nìkan ló kù. Iye tó bù lé mi, ẹ má bèèrè. Lọ́dọ̀ wa níbí, ẹ ò tiẹ̀ lè pẹjọ́ lórí kóòdù tẹ́ ẹ kọ síbí láìkọ́kọ́ forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ ní Copyright Office. Supreme Court fìdí ẹ̀ múlẹ̀ ní 2019.

Àṣàkẹ́: Ti pé ẹ pẹ́ yẹn, ta ló ń fi iṣẹ́ kún iṣẹ́?

Àkànní: Àwọn ni! Aago mọ́kànlá alẹ́ ni voice note máa ń wọlé: "Brother Àkànní, kinní kékeré kan ló kù." Owó oṣù odindi iléeṣẹ́ ni kinní kékeré yẹn.

Ìyá Ìbejì: Hà! Ẹ kó gbogbo wọn jáde pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n wọlé, lọ́yà wọn á mọ ẹni tó fa ìdádúró. Lọ́jọ́ mìíràn, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù, ẹ kọ iye owó tuntun àti ọjọ́ tuntun ránṣẹ́, kí wọ́n fèsì pé àwọn gbà.

Àṣàkẹ́: Ní ti £6,000 yẹn, Late Payment Act 1998 fún yín ní èlé ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún lé lórí èlé Bank of England. Small claims, ẹjọ́ owó kékeré, ń gba ẹjọ́ dé £10,000 ní England.

Bàbá Kọ́lá: Ní Scotland, £5,000 ni tiwa dúró sí.

Àṣàkẹ́: Ẹ kó wá sí Manchester, bàbá! Ẹjọ́ wa fẹ̀ ju tiyín lọ, àmàlà wa náà dúdú.

Bàbá Kọ́lá: Manchester tí òjò ò dá! Ó kéré tán, omi Glasgow ṣeé mu gàrí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Gàrí wo? Èyí tí wọ́n ń tà ní Houston kò kan rárá. Ti Ìjẹ̀bú, pẹ̀lú omi tútù àti ẹ̀pà, lọ́sàn-án gangan, kí NEPA múná lọ, kí gbogbo wa jókòó síwájú ilé... ilé ń sọ mí o.

Àkànní: Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ Kánádà yẹn ńkọ́? Òfin ibí ló máa mú un ni, àbí ti Nàìjíríà?

Ìyá Ìbejì: Ẹ gbé ìyẹn fún lọ́yà, àbúrò mi. Ẹ kàn má pa server. Ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde ní December. Kílò mélòó lẹ fẹ́?

Bàbá Kọ́lá: Ẹ fi tèmi náà sí i! Mo máa sanwó ṣáájú.