Iná gbọọrọ inú kíṣìnì wa tí mo sọ di LED: ẹ wá sọ tiyín

Ìyá Tóyọ̀sí, Ìbàdàn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Iná gbọọrọ méjì ló wà lájà kíṣìnì wa, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin mẹ́rin. Bàbá mi ló ní kí wọ́n so wọ́n mọ́ ọn lọ́dún 1986. Láti ìgbà náà, ọ̀pá àti sítátà nìkan la máa ń pààrọ̀, kò sẹ́ni tó wo ẹ̀yìn wọn.

Ẹni tó bá ti lò ó mọ ìyọnu rẹ̀. Bí wọ́n bá mú háàfù kọ́rẹ́ǹtì wá, búlọ́ọ̀bù pálọ̀ á ṣì máa tàn bàìbàì, ṣùgbọ́n ti kíṣìnì á kàn máa ṣẹ́jú pàrá, pàrá, orí rẹ̀ méjèèjì á pọ́n, kò ní tàn. Ẹ wá ṣa ẹ̀wà olóyin lábẹ́ iná bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó: òkúta àti ẹ̀wà, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ṣóòkù inú rẹ̀, irin wíwúwo tó ń dín iná tó ń wọ ọ̀pá kù, á sì máa kùn bí oyin tí wọ́n dé mọ́ inú agolo.

Oṣù kẹrin 2024 tí wọ́n gbé owó iná àwa Band A, àwa tí wọ́n ní a ó máa rí iná ogún wákàtí lójúmọ́, dé náírà 225 fún yúníìtì kan ni mo jókòó ṣírò. Ọ̀pá 36W kan pẹ̀lú ṣóòkù rẹ̀ ń jẹ bíi 45W, méjì jẹ́ 90. LED 18W méjì, 36 péré. Tá a bá tàn án wákàtí mẹ́fà lálẹ́, ìyàtọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó yúníìtì mẹ́wàá lóṣù, owó tó lé ní 2,000 náírà. Kò lè ra ata tó máa tó wa lóṣù, àmọ́ owó ni.

Mo lọ ra méjì ní Dùgbẹ̀. Mo bi ẹni tó tà á fún mi bóyá kí n pe oníná. Ó ní, "Màmá, ẹ kàn yọ tàtijọ́, kẹ́ ẹ ki tuntun bọ̀ ọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn ló kó bá mi.

Ọpẹ́lọpẹ́ ọmọ àdúgbò wa kan tó mọ iṣẹ́ iná. Ó ní irú èyí tí mo rà yìí, orí kan ṣoṣo ni iná ń gbà wọlé, láífù (wáyà tó ń gbé iná wá) àti nútíráà (èyí tó ń gbé e padà) jọ wà níbẹ̀ ni. Orí kejì kàn ń gbé e ró ni. Ó pa iná láti ibi mítà, ó yọ ṣóòkù àti sítátà, ó so wáyà méjèèjì tààrà mọ́ ẹ̀gbẹ́ òsì. Nígbà tó ṣí páànù rẹ̀, ọmọńlé gbígbẹ mẹ́ta ló já bọ́ sórí gáàsì mi, pẹ̀lú ìyẹ́ èsúnsún àti òróró tó ti dì gbagidi. Ọdún méjìdínlógójì là ń dáná lábẹ́ nǹkan wọ̀nyẹn o!

Ó fi ọ̀kan sí i, ó tàn wàì, kò ṣẹ́jú rárá. Fóònù rẹ̀ dún, ó bọ́ síta. Èmi náà ní kí n bá a ki ìkejì bọ̀ ọ́. Ṣebí ọ̀pá ni, kí ló kàn mí pẹ̀lú apá ibi tó kọjú sí? Tóyọ̀sí pa súíìṣì, mo gun àpótí, mo kì í bọ̀ ọ́, mo yí i. Mo ní kó tẹ̀ ẹ́ padà.

GBÀÀ! Iná búlúù kọ mànà lójú mi, gbogbo ilé ṣókùnkùn. N ò mọ ìgbà tí mo fò sílẹ̀.

Nígbà tí ọmọkùnrin náà wọlé, kò tiẹ̀ bínú. Ó fa ọ̀pá náà sílẹ̀, ó fi orí rẹ̀ hàn mí. Irin ṣóńṣó méjèèjì ti yọ́, ọ̀kan ti di róbótó lórí bí orí ọ̀pá ìṣáná. Ní orí kejì, sítíkà kékeré kan wà níbẹ̀, L àti N, láífù àti nútíráà, èyí tí mo rò pé orúkọ ilé iṣẹ́ ni. Orí tí mo kọ sí iná, wọ́n ti so irin rẹ̀ méjèèjì pọ̀ nínú, bí ẹni mú wáyà pupa kan wáyà dúdú gan-an ni mo ṣe. Fíùsì ìta lọ, ike tó gbá ọ̀pá mú náà jó.

Ta ló tún ti kan irú rẹ̀?

Ìyá Olóúnjẹ, Ìkòròdú

Tèmi ò bú gbàù o. Èyí tí wọ́n bá mi fi sí búkà ló funfun bíi ti ọsibítù, 6500K ni wọ́n kọ sí i lára. Ọbẹ̀ tó pupa fòò nínú ìkòkò, kó tó dórí tábìlì ó ti dà bí èyí tó sùn. Oníbàárà kan bi mí tààrà bóyá ọbẹ̀ àná ni! Mo pààrọ̀ ẹ̀ sí 3000K, èyí tó pọ́n díẹ̀ bíi ti búlọ́ọ̀bù àtijọ́, ẹran díndín tún padà di ẹran díndín. Ohun tí mo gbádùn níbẹ̀ ni pé kòkòrò kì í ṣù mọ́ ọn bíi ti tẹ́lẹ̀.

Akin, Peckham, Lọ́ńdọ̀nù

Níbí, kì í tiẹ̀ ṣe pé ó wù wá. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì 2024 ni ìjọba ò ti gbà kí wọ́n kó ọ̀pá T8, irú ọ̀pá iná gbọọrọ yìí gan-an, tuntun wá sọ́jà mọ́, nítorí mẹ́kúrì inú rẹ̀. Nínú páálí LED tí mo rà, wọ́n fi nǹkan kan tó jọ sítátà sí i, àmọ́ fíùsì lásán ló wà nínú ẹ̀. Mo yọ sítátà àtijọ́, mo fi ìyẹn dípò, mo ki ọ̀pá bọ̀ ọ́. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, n ò fọwọ́ kan wáyà.

Ni orí mi bá wú. Mo gbéra, ó di ọ̀dọ̀ àǹtí mi ní Thamesmead. Mo wá sítátà títí, n ò rí i. Irú bálásì (ohun tó ń ṣe iṣẹ́ ṣóòkù) tí kì í lo sítátà ni tiwọn. Mo ki LED bọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó kú. Àǹtí mi ní, "Akin, ṣé o ti ṣe tán?" Wọ́n ti ń wá àbẹ́là bí wọ́n ṣe ń béèrè.

Àwọn ọ̀pá àtijọ́, ibi ìdalẹ̀nù káńsù ni mo kó wọn lọ, wọ́n ní àpótí tiwọn lọ́tọ̀. Bí mo bá rántí bá a ṣe ń fi wọ́n ja idà ní Ṣúrùlérè, tá a mọ̀ọ́mọ̀ ń fọ́ wọn kí lẹ́búlẹ́bú funfun yẹn lè tú jáde, ẹ̀rù tún ń bà mí.

Oníná, Ìjẹ̀bú-Òde

Màmá Tóyọ̀sí, orí yọ yín. Oríṣi kejì wà tó jẹ́ pé láífù ń wọ orí kan, nútíráà ń wọ orí kejì. Ìyẹn ló gbé mi ní Ṣàgámù. Mo ti ki orí kan bọ̀ ọ́, ọwọ́ mi wà lára irin orí kejì, mo sì gbójú lé súíìṣì. Ẹni tó ṣe wáyà ilé náà ti so súíìṣì mọ́ nútíráà, láífù wà lórí fítíǹgì tọ̀sán-tòru. Ìsàlẹ̀ àkàbà ni mo ti bá ara mi. Bí ẹ bá pa iná tí LED yín ṣì ń tàn fírífírí lóru bí ojú ológbò, ẹ pe ẹni tó máa yẹ súíìṣì yẹn wò. Ilé àtijọ́ bíi tiyín, pupa ni láífù, dúdú ni nútíráà. Wáyà tuntun, buráùn àti búlúù. Kí ẹ má gba àwọ̀ gbọ́ ṣá, tẹ́sítà ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ínfátà, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ṣóòkù 36W: 0.43A. Bíi 100VA, ìyẹn gbogbo ẹrù tó ń gbé ka ínfátà, nìyẹn lórí ọ̀pá kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 45W ni iná tó ń jẹ. Mítà ò ní ka gbogbo ẹ̀ sí yín lọ́rùn, ínfátà ló ń rù ú.

Ìyá Tóyọ̀sí

Ẹ ṣé gan-an. Tẹ́sítà ti wọ dúrọ́ọ̀ mi báyìí. A ti fi máákà kọ "INÁ GBA IBÍ WỌLÉ" sí ẹ̀gbẹ́ òsì méjèèjì, gàdàgbà gàdàgbà, Tóyọ̀sí ló kọ ọ́. Àwọn tó ń ra irin àlòkù ti gbé ṣóòkù méjèèjì lọ nítorí bàbà inú rẹ̀. Ọmọńlé kan sì ti wà lẹ́yìn fítíǹgì láti àná, ó yọrí síta, ó ń wo ìkòkò ọbẹ̀.