Àlàfo inú lẹ́tà sítẹ́ńsìlì: ṣé kí a dí i ni àbí kí a fi í sílẹ̀?

Ayàwé: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ fi sítẹ́ńsìlì, ìyẹn bébà tí a gé ihò lẹ́tà sí kí a lè kun ọ̀dà gba inú rẹ̀, kọ àkọlé sí èèpo ìwé kan, kí n sì fi í ṣe ọ̀ṣọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ orí kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá gé O tàbí A, àárín rẹ̀ a jábọ́. Bí mo bá sì fi afárá tín-ín-rín, ìyẹn bébà tí n kò gé, dì í mú, ọ̀dà kì í dé ibẹ̀, àlàfo a wà nínú lẹ́tà náà, a sì dà bí èyí tí ó kán. Ṣé kí n máa fi búrọ́ọ̀ṣì dí àlàfo náà?

Atẹ̀wé-Àgbà: Bí ẹ bá dí gbogbo rẹ̀, kí ni ẹ wá fi sítẹ́ńsìlì ṣe sí? Afárá kì í ṣe àbùkù. Ibi tí a bá fi í sí ni ó ń ba lẹ́tà jẹ́. Òkè àti ìsàlẹ̀ O, níbi tí ìlà ti tín-ín-rín, ni kí ó wà, kí fífẹ̀ rẹ̀ sì dọ́gba jákèjádò àkọlé. Ẹ gé irú rẹ̀ sára I àti L pàápàá, bí wọn kò tilẹ̀ nílò rẹ̀, kí wọ́n má baà dà bí àlejò láàárín àwọn yòókù. Josef Albers, nígbà tí ó wà ní Bauhaus, ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà kan ní Jámánì, fi onígun mẹ́rin, onígun mẹ́ta àti ìdá mẹ́rin òbìrí to lẹ́tà, tí àlàfo fi di ara ìrísí wọn. Àkọlé ńlá ni irú rẹ̀ yẹ. Bí ẹ bá fi tẹ odidi ojú ewé, ẹ ó ni òǹkàwé lára.

Ọlọ́nà: Ní ti ọ̀ṣọ́, ẹ wo iṣẹ́ W. A. Dwiggins, ará Amẹ́ríkà tí ó ṣe ọ̀nà sí ọ̀pọ̀ ìwé ilé-iṣẹ́ atẹ̀wéjáde Knopf. Kì í gé odidi òdòdó lẹ́ẹ̀kan náà. Ewé kékeré, ìlà tí ó tẹ̀ àti tóótòòtó ni ó máa ń gé sára sẹ́lúlọ́ìdì, irú ike pẹlẹbẹ kan, tí yóò máa kùn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, tí yóò máa yí wọn po, tí yóò sì máa dojú wọn dé, títí wọn yóò fi para pọ̀ di àwòrán. Sẹ́lúlọ́ìdì kì í mu ọ̀dà bíi bébà, ojú sì ń rí ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, nítorí náà kò ṣòro láti mọ ibi tí èyí tí ó kàn yóò bọ́ sí. Ẹ jẹ́ kí ọ̀dà inú búrọ́ọ̀ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, kí ẹ sì máa gún un sílẹ̀ tààrà, nítorí bí ẹ bá fà á, ọ̀dà yóò wọ abẹ́ etí ihò.

Alákùn: N kò fara mọ́ Atẹ̀wé-Àgbà tán. Àwọn oníṣẹ́ pochoir, ìyẹn fífi sítẹ́ńsìlì kun àwòrán, ní Faransé, irú Jean Saudé tí ó kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 1925, máa ń lo sítẹ́ńsìlì púpọ̀ fún àwòrán kan ṣoṣo, èyí kan ń parí ohun tí èkejì kò lè ṣe. Bí àlàfo kò bá wù yín, ẹ má fi ọwọ́ lásán dí i. Ẹ gé sítẹ́ńsìlì kejì tí ihò rẹ̀ bo ojú afárá, kí ẹ sì fi àmì sí igun méjèèjì kí wọ́n lè ṣe rẹ́gí.