Àbọ̀ ìbéèrè mi: NURBS tàbí subdivision fún ojú tó máa sọ̀rọ̀?
Ẹ ṣeun gbogbo yín. Mo bèèrè èwo ló yẹ ojú tó máa sọ̀rọ̀ nínú animation: NURBS (abala títẹ̀ tí kọ̀ǹpútà ń fi ìṣirò yà), subdivision (àwọn ojú onígun mẹ́rin díẹ̀ tí kọ̀ǹpútà ń pín sí wẹ́wẹ́ kó lè jọ̀lọ̀), àbí sculpt (èyí tá a gbẹ́ bí amọ̀ lórí kọ̀ǹpútà) bó ṣe wà. Subdivision ló borí. Abala NURBS máa ń ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin; tí ẹnu bá là, ojú ìsopọ̀ wọn á fẹ́ ya. Sculpt wúwo jù fún rig (egungun tó ń mú un ṣí kiri), àmọ́ ẹ má jù ú nù o: ẹ ṣe retopology (ẹ̀dà tuntun tó fúyẹ́) lé e lórí, kẹ́ ẹ bake (ẹ kó) ìhunjọ awọ sínú normal map, ìyẹn àwòrán tó ń jẹ́ kí ẹ̀dà fífúyẹ́ náà rí bíi pé ó hunjọ.

Ibi tí edge (ìlà etí àwọn ojú onígun mẹ́rin náà) márùn-ún ti pàdé kò gbọ́dọ̀ bọ́ sí igun ẹnu. Ibẹ̀ á kákò. Ìpele subdivision kọ̀ọ̀kan ń sọ quad (ojú onígun mẹ́rin) 1 di 4, nítorí náà 2,000 á di 32,000 ní ìpele 2. Nínú Blender (ètò kọ̀ǹpútà fún iṣẹ́ 3D), Armature (èyí tó ń so ojú mọ́ egungun rig) ni kó wà lókè Subdivision nínú àtòjọ modifier, kí egungun lè máa gbé àwọn point díẹ̀ kí wọ́n tó pín sí wẹ́wẹ́.